Katakata Tó Wà Lẹ́yìn Allen Avenue

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Allen Avenue, ní Ìkẹjà, báńkì ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn báńkì, báńkì mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ṣọ́ọ̀bù fóònù, ilé aṣọ, ilé oúnjẹ, ilé ìtura, àti ariwo jẹnẹrétọ̀ tó so gbogbo wọn pọ̀. Kò sẹ́ni tó ń retí láti bá katakata níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà. Ó wà lẹ́yìn ilé kan ní ọ̀kan nínú àwọn òpópónà kéékèèké tó yà lára Allen, lábẹ́ igi máńgòrò. Massey Ferguson 135 ni, pupa tí oòrùn ti sọ di àwọ̀ osùn. Táyà iwájú rẹ̀ kan ti jò, adìẹ sì máa ń yé ẹyin sórí ìjókòó rẹ̀. Bàbá àgbà ọ̀kan nínú àwa mẹ́rin tí a kọ àròkọ yìí ló ni ín.

Ìpàdé mọ̀lẹ́bí ló gbé wa débẹ̀, kì í ṣe ìwé kíkà. Àwọn ọmọ bàbá fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta sí ẹ̀yìn ilé náà. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ iye tí wọ́n ń gba owó ṣọ́ọ̀bù ládùúgbò Allen yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Àwọn tó ń fi ọmọlanke ra irin kọ̀ńdẹ̀mù kiri ti wá wo katakata náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti ná an. Ẹni tó bá mọ nǹkan nípa ìtàn, ni ọ̀rẹ́ wa sọ, kó wá ran òun lọ́wọ́ láti sọ fún àwọn bàbá òun ìdí tí wọn kò fi gbọ́dọ̀ tà á. Bí a ṣe di agbẹjọ́rò fún irin nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ orúkọ. Àwọn kan ní inú Caterpillar ni katakata ti jáde, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1925. Àwọn mìíràn ní ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni: ka-ta-ka-ta. Àwa gbà pé ìró rẹ̀ ni, nítorí pé Yorùbá ti mú orúkọ Caterpillar ní tirẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di katapílà, wọ́n sì fi í pe èyí tí ń wó ilé tí ń wó igbó. Katakata ni ti oko. Nígbà tí a sọ fún bàbá pé nínú pijin, katakata túmọ̀ sí wàhálà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ẹni tó bá ti wa ọ̀kan rí mọ̀ pé ìtumọ̀ méjèèjì kò jìnnà síra wọn.

Ohun tó ya wá lẹ́nu jù ni pé ẹ̀rọ yìí kò tíì dàgbà tó bí a ṣe rò. Ní ọdún 1892 ni John Froelich, ará Iowa ní Amẹ́ríkà, ṣe katakata àkọ́kọ́ tó ń lo epo bẹntiróò tó lè lọ síwájú kó sì padà sẹ́yìn. Kí ìyẹn tó dé, ẹ́ńjìnnì oníná tí ń lo ooru omi ni wọ́n ń wọ́ káàkiri oko, ó wúwo bí ilé, iná rẹ̀ sì lè jó gbogbo ìkórè. Ní 1917 ni Henry Ford gbé Fordson jáde, tí owó rẹ̀ kò ga ju agbára àgbẹ̀ kékeré lọ. Ṣùgbọ́n Fordson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àléébù kan tó ń pa ènìyàn. Ìtúlẹ̀ tí wọ́n so mọ́ wọn lẹ́yìn kàn ń wọ́ tẹ̀lé wọn ni. Bí abẹ rẹ̀ bá há mọ́ òkúta tàbí kùkùté, táyà ẹ̀yìn yóò máa yí, iwájú katakata yóò gbéra sókè, yóò yí dànù sẹ́yìn lé awakọ̀ lórí.

Ará Ireland kan, Harry Ferguson, ló wo èyí sàn. Ọkùnrin yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tó fò nínú bàálù ní Ireland, ní 1909, bàálù tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Ó ṣe apá mẹ́ta sẹ́yìn katakata, méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, ó wá fi agbára epo inú páìpù gbé wọn sókè sódò. Bí ìtúlẹ̀ bá kọlu nǹkan, apá òkè á ti iwájú katakata mọ́lẹ̀ dípò kó gbéra. Bí ilẹ̀ bá le, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ á gbé abẹ sókè díẹ̀. Títí dòní, ọ̀pọ̀ katakata tí ẹ bá rí lójú ọ̀nà Ìbàdàn tàbí Ìlọrin, bó ti wù kó tóbi tó, apá mẹ́ta yẹn ló gbé nǹkan lẹ́yìn. Ferguson àti Ford bọ ara wọn lọ́wọ́ ní 1938, wọn kò kọ ìwé àdéhùn kankan. Nígbà tó yá, ìyẹn dá ẹjọ́ sílẹ̀, ẹjọ́ náà sì parí ní 1952 pẹ̀lú owó dọ́là mílíọ̀nù 9.25 fún Ferguson. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe òwò pẹ̀lú ọ̀rẹ́ yín nínú ọgbà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ o.

Ní 1946 ni Ferguson bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe TE20 ní Coventry, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aláwọ̀ eérú. Wọ́n ṣe é ju 500,000 lọ kó tó kásẹ̀ ńlẹ̀ ní 1956. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 1958, Edmund Hillary, tí òun àti Tenzing Norgay kọ́kọ́ dé orí òkè Everest, fi Ferguson mẹ́ta wọ Ìpẹ̀kun Gúúsù ayé, nínú yìnyín. Katakata oko ni o! Bàbá mọ ìtàn yìí kí a tó sọ ọ́. Wọ́n ní òyìnbó kan tó kọ́ àwọn níṣẹ́ máa ń fi í yangàn, pé ohun tó rin yìnyín já kò yẹ kó sá fún ẹrẹ̀ òjò wa. Ní 1953 ni Ferguson dara pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ Massey-Harris ti Kánádà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń jẹ́ Massey Ferguson. Irú èyí tí bàbá ní, 135, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ìparí ọdún 1964. Ẹ́ńjìnnì dísù Perkins onísílíńdà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀.

Kí wá ni ó kan Agége àti Ìkẹjà nínú èyí? Ó kàn wọ́n púpọ̀, nítorí pé oko ni gbogbo ibẹ̀ kó tó di ilé-iṣẹ́ àti báńkì. Ilẹ̀ Àwórì ni. Nígbà tí rélùwéè láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Agége kọjá, àwọn oníṣòwò Èkó tí òwò ti bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ sì wọ oko lọ. J. K. Coker ni olórí wọn, ẹni tí oko rẹ̀ wà ní Ìfàkọ̀. Ní 1907 ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Àwọn Alóko Agége sílẹ̀. Kòkó ni wọ́n kọ́kọ́ gbájú mọ́. Àwọn lébìrà tó wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn láti inú ilẹ̀ Yorùbá gbé èso kòkó àti ìmọ̀ rẹ̀ padà sílé. Nígbà tí owó kòkó wó lulẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, obì gbànja gba ipò rẹ̀. Rélùwéè ń kó obì Agége lọ sí Kánò, àwọn Hausa olóbì sì tẹ̀dó sí Agége. Ẹni tó bá ń béèrè ìdí tí Hausa fi pọ̀ ní Agége títí dòní, obì ló kó wọn wá, kì í ṣe búrẹ́dì.

Gbogbo oko yẹn, ọkọ́ àti àdá ni wọ́n fi dá a. Kòkó àti obì, igi ni wọ́n. Katakata kò ní iṣẹ́ kan láàárín wọn. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé àwọn òyìnbó tó kó katakata wá sí Áfíríkà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì kò béèrè ohun tí àgbẹ̀ ń gbìn àti bó ṣe ń gbìn ín. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá United Africa Company, ilé-iṣẹ́ UAC tí gbogbo wa mọ̀, Frank Samuel, ló gbé ìmọ̀ràn kalẹ̀ ní 1946 pé kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi katakata gbin ẹ̀pà sí Tanganyika, tó di Tanzania báyìí, lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ gan-an. Katakata kò tó, nítorí náà wọ́n tún ọkọ̀ ogun Sherman ṣe kó lè máa túlẹ̀. Òjò kò rọ̀ bí wọ́n ṣe rò. Amọ̀ ibẹ̀ le bí bíríkì lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, gbòǹgbò igi ń kán irin. Nígbà tí wọ́n pa á tì ní 1951, owó tó wọlẹ̀ ti tó mílíọ̀nù 36 pọ́n-ùn.

Tiwa náà kò gbẹ́yìn. Ní 1949 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ ní Mokwa, ní ilẹ̀ Nupe. Ní 1954, ó ti parí. K. D. S. Baldwin kọ ìwé kan nípa rẹ̀ ní 1957, ìwé náà sì yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ di kọmíṣọ́nnà fún ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ kà kó tó búra. Wíwú kùkùté nìkan ń jẹ owó jù. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tó jinlẹ̀ jù rọrùn láti ṣàlàyé. Katakata túlẹ̀ tó pọ̀ gan-an fún àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó dára. Ta ni yóò wá ro koríko rẹ̀? Ta ni yóò kórè? Ọwọ́ méjì àgbẹ̀ kan náà ni, pẹ̀lú ọkọ́. Wọ́n fi ẹ̀rọ fẹ oko lójú, wọ́n gbàgbé ọwọ́, koríko sì bo gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a sọ èyí fún bàbá, wọn kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ní, “Ohun tí à ń sọ fún wọn nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀.”

Ìbẹ̀rẹ̀ tiwọn ni ọdún 1963. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Agége àti Ìkẹjà wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ti ń dá fáàmù sẹ́tìmẹ́ǹtì sílẹ̀ láti nǹkan bí 1959. Akin Deko, tó jẹ́ mínísítà fún iṣẹ́ àgbẹ̀, ti lọ wo abúlé àwọn àgbẹ̀ ní Ísírẹ́lì, ohun tó rí níbẹ̀ ló sì fẹ́ gbìn síhìn-ín. Ẹ rántí pé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ti ka ìwé mẹ́fà, wọn kò ríṣẹ́, wọn kò sì fẹ́ padà sẹ́nu ọkọ́ bàbá wọn. Fáàmù sẹ́tìmẹ́ǹtì ni ìdáhùn: kọ́ wọn ní iṣẹ́ oko ìgbàlódé fún ọdún méjì, fún wọn ní ilé, ilẹ̀ àti owó yíyá. Ìlọrá, Ẹ̀sà-Òkè, Ìkòròdú àti ọ̀pọ̀ ibòmíràn ló ní tiwọn. Bàbá wà lára àwọn tí wọ́n mú. Ọmọ ọdún 18 ni wọ́n, wọn kò tíì fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ ológeere tiwọn rí, ìjọba wá gbé kọ́kọ́rọ́ katakata lé wọn lọ́wọ́.

A béèrè pé báwo ló ṣe rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ní ojú ti àwọn, nítorí pé àwọn ọmọbìnrin abúlé tó wà nítòsí ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko wá wòran. TE20 àtijọ́ kan ni wọ́n fi kọ́ wọn. Ọ̀pá jíà ni wọ́n fi ń ṣíná fún un: ẹ óò ti ọ̀pá náà sí ibi tí wọ́n kọ S sí kí ẹ́ńjìnnì tó dìde, èyí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣíná fún un nígbà tó wà nínú jíà. Bàbá kò mọ̀. Wọ́n ń wá kọ́kọ́rọ́ tí wọn yóò yí. Gbogbo èrò ń wò. Ọdún tó lé ní ọgọ́ta ti kọjá, síbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, wọ́n ń yíjú kiri bí ẹni pé àwọn ọmọbìnrin náà ṣì wà lórí ògiri ilé ẹnìkejì.

Ẹ má bínú bí a bá yára gba orí àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e kọjá. Ìwé pọ̀ nípa wọn. Fáàmù sẹ́tìmẹ́ǹtì náwó jù fún àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ sì sá lọ sí ìlú. Wọn kò nílò láti sá jìnnà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kan náà tó kọ́ wọn lóko ti ń kọ́ ìlú ilé-iṣẹ́ sí Ìkẹjà láti ìparí àwọn ọdún 1950. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbẹ̀ ní 1962, Dunlop ń ṣe táyà, Cadbury dé Agídíngbì ní 1965. Ọwọ́ kan náà tó ń pe ọmọ sí oko ló ń pè é sí fákítìrì, fákítìrì sì ń sanwó lóṣooṣù. Àwa rò pé àwọn òpìtàn kò fi èyí wé ara wọn tó. Ní 1967 wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Ìkẹjà bọ́ sínú rẹ̀. Ní 1976 ó di olú-ìlú ìpínlẹ̀. Láti ìgbà náà, ilẹ̀ Agége àti Ìkẹjà kò lè jẹ́ ti iṣu mọ́. Ẹ ṣáà wo orúkọ Oko Ọba ní Agége. Bí a ṣe ń pe iṣẹ́ ìjọba ní iṣẹ́ ọba, bẹ́ẹ̀ ni oko ìjọba ṣe jẹ́ oko ọba. Oko ti lọ, orúkọ ló kù.

Ibi tó kàn àwa akẹ́kọ̀ọ́ jù ni ọdún 1976. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ Operation Feed the Nation. Nígbà tí ọlidé gígùn dé, wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ sóko, wọ́n sì ń sanwó fún wọn. Bàbá ti ń wa katakata fún ìjọba lẹ́nu iṣẹ́ yíyá katakata fún àgbẹ̀ nígbà náà. Wọ́n gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan fún wọn láti kọ́. Wọ́n ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà mọ gbogbo ìdí tí ebi fi ń pa ayé, wọn kò kàn mọ èwo ni ègé àti èwo ni gbágùúdá. (Ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ìdánwò ni, a sì ṣubú.) Bí wọ́n bá pe irú wa lọ sóko lónìí, ìbéèrè wa àkọ́kọ́ yóò jẹ́ bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Shehu Shagari gbé Green Revolution dé ní 1980. Ilé-iṣẹ́ Steyr ń to katakata pọ̀ ní Bauchi. Owó epo rọ̀bì ń ra ẹ̀rọ fún gbogbo ìpínlẹ̀. Ohun tí kò rà ni ẹ̀yà ara ẹ̀rọ. Bàbá ní àwọn máa ń ní katakata mẹ́wàá lórí ìwé, mẹ́ta lójú ọ̀nà. Méje yòókù ni àwọn ń yọ ara wọn jẹ, kí mẹ́ta lè máa rìn. Nígbà tí náírà wó ní 1986, páńpù epo kan ṣoṣo di owó oṣù púpọ̀. Wọ́n pe gbàǹjo, bàbá sì fi owó tí wọ́n ti ń kó jọ láti kọ́lé ra 135 yìí. Ìyá àgbà kò bá wọn sọ̀rọ̀ fún oṣù kan. Ṣùgbọ́n katakata náà ló padà kọ́ ilé: wọ́n fi túlẹ̀ fún àwọn tó ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ní apá Ìjú, Ìṣẹ́rí àti Ọ̀tà, títí àwọn tó ń pè wọ́n fi ta ilẹ̀ wọn fún onílé níkọ̀ọ̀kan. Ọdún tí wọ́n pè wọ́n kẹ́yìn, kì í ṣe oko ni wọ́n lọ tú. Àpótí ìkúnlé ni wọ́n ní kí wọ́n wá wọ́ kúrò nínú ẹrẹ̀.

Láti ìgbà náà ló ti wà lábẹ́ máńgòrò. Ibẹ̀ sì ni apá tó wù wá jù nínú ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ bàbá kò fẹ́ràn rẹ̀ rí; wọ́n ní òun ló jẹ́ kí bàbá àwọn máa run dísù lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Àwọn ọmọ-ọmọ ló fẹ́ràn rẹ̀. Ní gbogbo ọlidé, bàbá máa ń pè wọ́n jáde, wọ́n á tú nǹkan kan, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á dá a padà. Ọ̀rẹ́ wa mọ bí wọ́n ṣe ń lé afẹ́fẹ́ jáde bí dísù bá tán nínú táńkì: ẹ óò tú nọ́ọ̀tì kékeré ara páńpù, ẹ óò máa fọwọ́ pọn epo títí ìfófòó yóò fi dẹ́kun jíjáde, ẹ óò wá dè é padà. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lè ṣíná títí bátìrì á fi kú, kò ní dìde. Kò sí òbí kankan nínú ilé náà tó mọ̀ ọ́n.

Èyí tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, obìnrin ni. Sípánà katakata Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kì í ṣe 13 àti 17 tí àwọn mẹkáníìkì wa ń lò. Ìdá ínṣì ni. Bàbá á ní, “Gbé 9/16 wá.” Bó bá tóbi jù, “Gbé 1/2 wá.” Nílé-ìwé, tíṣà rẹ̀ ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀. Ìyá rò pé ó jà ni. Tíṣà fẹ́ mọ ẹni tó kọ́ ọmọ náà ní ìdá nọ́ńbà kí kíláàsì tó débẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú bàbá yìí pọ̀. Láti 1965 ni wọ́n ti ní ẹgbẹ́ gbogbo-gbòò fún àwọn tó fẹ́ràn katakata àtijọ́, wọ́n ń tún wọn kùn, wọ́n ń wà wọ́n lọ sí àríyá, wọ́n ń gbé ọmọ-ọmọ jókòó sórí itan wọn. Àwa náà kì í ṣe ẹni tó ń ju gbogbo nǹkan nù. Ní Èbúté Mẹ́ta, nínú ọgbà rélùwéè, Jaekel House tí wọ́n kọ́ ní 1898 ti di ibi tí wọ́n kó ìtàn rélùwéè jọ sí. Ní òpópónà Gbẹ́misọ́lá, tó yà lára Allen yìí kan náà, ilé Fẹlá ti di musíọ̀mù láti 2012. Ẹ lè wo bàtà rẹ̀ níbẹ̀, ẹ lè wo pátá rẹ̀ pàápàá. A kò bínú sí pátá Fẹlá. Ṣùgbọ́n láti ẹnubodè ilé yẹn dé abẹ́ máńgòrò yìí, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn ín. A sọ èyí níwájú mọ̀lẹ́bí. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá ọ̀rẹ́ wa, tí ojú rẹ̀ ti le láti àárọ̀, rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kí ẹ má bàa rò pé ẹnu wa ni a fi ṣẹ́gun, a kò ṣẹ́gun. Ọ̀rọ̀ àwọn bàbá náà ní ìtumọ̀. Owó ilé-ìwé ọ̀rẹ́ wa wà nínú ohun tí ṣọ́ọ̀bù yóò san. Òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá àgbà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Katakata náà wúwo tó tọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀, kílò kílò sì ni wọ́n ń ra irin, kí wọ́n tó gbé e lọ fún àwọn tó ń yọ́ ọ di ọ̀pá irin ìkọ́lé. Ó lè jẹ́ pé irin katakata mìíràn ti wà nínú òpó báńkì tó wà níwájú ilé náà. Àgbà kan nínú ẹbí bi wá léèrè pé, bí a bá fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣé yàrá wa ní họ́sítẹ̀lì gbà á? A dákẹ́.

Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé kí wọ́n dúró di ìparí oṣù kejìlá. Bí a bá rí ibi tó gbà á kí ó tó dìgbà náà, kí a gbé e. A ti kọ̀wé sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilé-ìwé méjì. A tún kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún ẹ̀rọ oko ní Idofian, lẹ́bàá Ìlọrin, torí pé bó bá jẹ́ ibì kan ló yẹ kó mọyì rẹ̀, ibẹ̀ ni. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ mọ ẹni tó ní oko tàbí ọgbà ilé-ìwé tí àyè wà, ẹ bá wa sọ fún wọn.

Kí ìpàdé tó tú ká, bàbá ní kí a yá bátìrì ọkọ̀ aládùúgbò. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ wọn gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó pinnu. A lé adìẹ dìde. Ọ̀rẹ́ wa lé afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù, bàbá gun orí ìjókòó pẹ̀lú ìrànwọ́ ẹni méjì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó kọ́. Ní ìgbà kejì, ó yọ èéfín funfun, ó kú. Ní ìgbà kẹta, èéfín dúdú bo ewé máńgòrò, ohùn náà sì dé: ka-ta-ka-ta-ka-ta. Àwọn tó ń ta fóònù lójú títì wá yọjú lórí ògiri. Èyí tó ti ń ná an pẹ̀lú àwọn kọ̀ńdẹ̀mù, àkọ́bí bàbá, fi ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò sì tètè gbé e kúrò.

Yíyí kọ́kọ́rọ́ padà kì í pa irú ẹ́ńjìnnì yìí. Ọ̀pá kékeré kan wà tí ẹ óò fà láti dá dísù dúró. Bàbá pe èyí tó kéré jù, wọ́n fi ọwọ́ rẹ̀ lé e. Ó wo ojú wọn. Wọ́n mi orí. Ó fà á, ohùn náà sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí a fi tún ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ àwọn báńkì.